ÌRÌN-ÀJÒ SÍ ORÍSUN WA: BÍ ẸNI TÍ OWÓ RẸ̀ MỌ NÍWỌ̀N ṢE LÈ DÉ ILÉ, KÍ Ó SÌ DÉ IFẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa sọ ní Ojú-Ore, Ọ̀tà



Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ ìlú ṣe lè rin ìrìn-àjò sí orísun rẹ̀ láìjẹ gbèsè. A dúpẹ́ fún ọlá tí ẹ bù fún wa. A ó sọ kókó ọ̀rọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí oorun bá ń kùn má baà pàdánù rẹ̀. Kókó náà ni pé owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó sọ ìrìn-àjò yìí di ọ̀wọ́n. Àṣehàn wà níbẹ̀, ìrètí àwọn ará ilé lórí ẹni tí ń bọ̀ sì wà níbẹ̀. Bí a bá dín ìwọ̀nyí kù, tí a sì fi ètò síwájú ìnáwó, ọmọ Ọ̀tà tí ń gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́ yóò dé Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ó wà ní London yóò sì dé Ojú-Ore.

Ohun tí ó mú wa sọ ọ́ nísinsìnyí

Ẹ wo ìlú wa. Ojú-Ore tí a jókòó sí yìí wà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Láàárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ a kún ojú títì bí eéṣú, ọkọ̀ akẹ́rù a tò tẹ̀ léra wọn, ènìyàn a sì máa gbọ́ oríṣìíríṣìí èdè kí ó tó dé Ṣàngó. A kò kórìíra àlejò. Ọ̀tà ti ń gba àlejò tipẹ́tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti bá wa tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, bí a bá ní kí ọmọ wa kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò lè kọjá orúkọ bàbá àgbà. Bí a bá bi í pé ọmọ ibo ni, “Ọmọ Ṣàngó” ni yóò wí, bí ẹni pé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò ni ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ti àwọn tí a bí sí òkè òkun tún burú ju èyí lọ. Wọ́n mọ̀ pé Yorùbá ni àwọn, wọ́n mọ ọbẹ̀, wọ́n mọ ijó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ agboolé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tí ó mọ oríkì agboolé kọ̀ọ̀kan ń dín kù lọ́dọọdún. Àwọn òbí ń sọ pé, “Bó bá di ọdún tí ń bọ̀, a ó mú àwọn ọmọ wálé.” Ọdún tí ń bọ̀ dé, ó tún kọjá, àgbà tí ọmọ ìbá bá sọ̀rọ̀ sì ti lọ. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa gbà

Ìtàn tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Ọlọ́fin, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògúnfúnmiíre, jáde kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Odùduwà fún un ní àwo amọ̀, ó ní kí ó gbé e lé orí omi, kí ó sì máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó sí. Àwo náà dúró ní ẹ̀bá Olókèméjì fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ó tún ṣí. Ó dúró ní àgbègbè ibi tí Abẹ́òkúta wà lónìí, díẹ̀ nínú èrò sì sọ ibẹ̀ di ilé. Ó dé Ìṣẹ̀rì ní etí odò Ògùn, ó tún dúró. Níkẹyìn ó dé Ìddó ní Èkó, ó pòòyì, ó sì rì. Nígbà tí wọ́n bi Ọlọ́fin léèrè àwo, èsì rẹ̀ ni pé, “Àwo ti rì.” Láti ibẹ̀ ni a ti ń jẹ́ Àwórì.

A mọ̀ pé agboolé kan lè sọ ìtàn yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí òmíràn; bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ẹnu rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú owó wo ọ̀nà náà. Ìddó, Ìṣẹ̀rì, Abẹ́òkúta, Olókèméjì, Ifẹ̀: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gba ìwé ìrìnnà, kò sì sí ọ̀kan tí ó gba ọkọ̀ òfuurufú láti ibí. Ìṣẹ̀rì àti Ìddó jẹ́ ibi tí a lè lọ kí a sì padà ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lọ sí Dubai, ọ̀pọ̀ ti lọ sí Jerúsálẹ́mù àti Mẹ́kà, a sì bá wọn yọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dúró ní etí odò Ògùn ní Ìṣẹ̀rì rí láti sọ fún ọmọ wọn pé, “Ibí ni a gbà kọjá.”

Àwọn tí ó ti ṣe é rí

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé irú ìrìn báyìí kọjá agbára mẹ̀kúnnù, ẹ rán an létí àwọn Sàró. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí a sì kó lọ sí Freetown, kò bá ogún bàbá níbẹ̀. Wọ́n ṣòwò kékeré, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì ra lára àwọn ọkọ̀ ojú omi tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Láti 1839 lọ ni wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ padà wá sí Àgbádárìgì àti Èkó. Ọkọ̀ tí ó kó ẹrú lọ ni ó wá kó ọmọ bọ̀ wálé. Àjàyí Crowther, tí a mú lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó sì fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Bákan náà ni ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Àwọn ẹrú níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ àjọ sílẹ̀ láti ra ara wọn padà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sì di òmìnira ni ó padà sí ilẹ̀ wa, àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Títí di òní, “susu” ni wọ́n ń pe irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Trinidad, “asue” ni wọ́n ń pè é ní Bahamas. Èsúsú tiwa ni. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìdáwójọ kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ ní Ọ̀tà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irinṣẹ́ tí àwọn wọ̀nyí fi wálé ni ó wà lọ́wọ́ yín yẹn.

Ohun tí ń dá ọmọ ìlú dúró

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nílé. Ọmọ ìlú wa kan wà ní òkè òkun tí a kò ní dárúkọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ó ń ṣe, owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ó ń san owó ilé, ó ń tọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti kó owó ọkọ̀ jọ. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, bí ìròyìn ti kan ilé pé ó ń bọ̀ ni ìpè bẹ̀rẹ̀: ẹni kan ń fẹ́ owó ilé ẹ̀kọ́, ẹni kan ń fẹ́ fóònù, ẹ̀gbọ́n kan ní kí a fi wíwá rẹ̀ ṣe ọdún kẹwàá òkú bàbá, kí a dá aṣọ ẹbí, kí a pa màlúù. Ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé ó ju owó ọkọ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó jókòó sí àyè rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú láìtún fojú kàn án.

Kì í ṣe pé àwọn ará ilé náà jẹ́ ènìyàn búburú. Ìyà ń jẹ wọ́n. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó dé bá owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi lè wá, a pàdánù owó, a sì pàdánù ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lóhùn-ún náà, a ní ọ̀rọ̀ fún yín. Àwọn kan nínú yín a máa yá owó láti fi háyà ọkọ̀ ńlá àti láti náwó lóde ijó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn a sì fi ọdún méjì san gbèsè rẹ̀. Àwọn tí ó rí èyí ni ó ń rò pé owó ń hù lórí igi níbẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó wálé nínú aṣọ tí ó ń wọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́, tí ó sì sùn sínú yàrá bàbá rẹ̀, òun náà wálé.

Ètò fún ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun

Èkínní ni àkókò. Owó ọkọ̀ òfuurufú a máa ga jù lọ ní oṣù Kejìlá, ní àsìkò Àjíǹde, àti nígbà ìsinmi gígùn ilé ìwé. Ẹni tí kò ní ọmọ nílé ìwé lè wá ní oṣù Kejì, oṣù Kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò kò sí tàbí tí ó ti dín kù, tí ọ̀nà sì gbẹ. Ẹni tí ó bá ní ọmọ nílé ìwé, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìsinmi.

Èkejì ni ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ó yà ní Addis Ababa, Casablanca, Cairo tàbí Istanbul sábà máa ń dín owó ju èyí tí ó fò tààrà lọ, bí ẹni náà bá lè fara da ìdúró. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024 ni Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí London. Bí àwọn tí ń tajà bá ti pọ̀ sí i, ẹni tí ń rà ni ó ń jàǹfààní. Kí ènìyàn bi ilé ọkọ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó wo ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò parí. Ọmọ tí ó ń lo ìwé ìrìnnà ilẹ̀ mìíràn nílò ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, bí kò bá ní ti Nàìjíríà. Kí a béèrè ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa nígbà tí àkókò ṣì wà, nítorí owó ìkánjú ni ó ń ba ìṣirò jẹ́ jù lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìlera. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ṣe pàtàkì, kí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ibà ẹ̀fọn kò lè mú ọmọ Ọ̀tà; agbára tí ara fi ń bá a jà a máa lọ bí ènìyàn bá pẹ́ lẹ́yìn odi, àwọn ọmọ tí a bí sóhùn-ún kò sì ní in rárá. Oògùn tí ń dènà ibà àti àpò ẹ̀fọn kò wọ́n tó owó ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún ni ibùsùn àti owó ọwọ́. Ọlọ́run ṣe é fún wa, pápákọ̀ òfuurufú tí ó wà ní Ìkẹjà kò jìnnà sí Ọ̀tà. Ẹni tí ó bá dé ní ọ̀sán, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sì lọ pàdé rẹ̀, kò ní san owó ilé ìtura àti owó ọkọ̀ alẹ́. Kí ó fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ilé tí yóò dé sí ṣáájú, kí ó má sì fi iye ọjà ìgbà tí ó wá kẹ́yìn ṣe ìṣirò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni iye náírà ti já lulẹ̀ púpọ̀, nítorí náà owó òkè òkun ń ra náírà púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà pẹ̀lú ti gbówó lórí. Kí ó máa ṣẹ́ owó díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun kan tún wà tí kò gba kọ́bọ̀. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, wọ́n kan àwọn orí tí a fi idẹ rọ. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní London láti 1939. Méjì tí ó dé Amẹ́ríkà ni a dá padà sí Ifẹ̀ ní 1950. Ọ̀fẹ́ ni ènìyàn ń wọ British Museum. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó wá, kí wọ́n wo ojú náà dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀, àwọn fúnra wọn yóò béèrè ìdí tí ọ̀kan fi dá wà lóhùn-ún.

Ètò láti Ojú-Ore sí Ilé-Ifẹ̀

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ kó ọgbọ̀n ènìyàn lọ lẹ́ẹ̀kan, kí agboolé kọ̀ọ̀kan tí yóò bá lọ sì mú àgbà kan àti ọmọ kan wá. Àgbà yóò sọ̀rọ̀, ọmọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Kí a tó gbéra, kí a kọ́kọ́ lọ kí Ọba wa, Ọlọ́tà, kí a sì gba ìre. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí ààfin Ọọ̀ni ní oṣù méjì ṣáájú, nítorí a kì í já lu ilé bàbá ẹni bí olè. Kí a má ṣe fi ìrìn àkọ́kọ́ sí àsìkò ọdún Ọlọ́jọ́. Ọdún náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n èrò a máa pọ̀, yàrá a sì máa wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì ni kí a lọ. Ọ̀nà Ṣàngó sí Abẹ́òkúta ti fi ìyà jẹ wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, eegun àgbà kò sì fẹ́ kòtò. Rélùwéè tuntun, tí ìjọba ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní 2021, ń dúró ní Àgbàdo tí kò jìnnà sí wa. Kí a wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí a gba Abẹ́òkúta kọjá, kí a sọ̀ ní Mọníyà ní Ìbàdàn, kí ọkọ̀ tí a ti háyà sì gbé wa dé Ifẹ̀. Bí a bá ti ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, kí olùkọ́ kan dìde nínú ọkọ̀, kí ó sọ ìtàn àwo fún àwọn ọmọ. Ìrìn ọjọ́ pípẹ́ tí Ọlọ́fin fi ẹsẹ̀ rìn ni a ń fi ojú kan padà lọ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Ifẹ̀. Ní òwúrọ̀, ààfin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin ni mùsíọ̀mù tí a ṣí ní 1954 wà, níbi tí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Kí a lo wákàtí méjì níbẹ̀ láìkánjú. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí a lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta gbọọrọ tí gíga rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún lọ, tí a kan ìṣó irin mọ́ lára. Kí a sì wo ère Mọ́remí tí a gbé dúró ní 2016. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kí a mú àwọn ọmọ yí Yunifásítì Ifẹ̀ ká, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti 1987, kí wọ́n mọ̀ pé ìlú àtijọ́ náà ni ìlú ìwé. Lẹ́yìn náà, ilé yá.

Ní ti owó, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Bí ọgbọ̀n ènìyàn bá ń dá ₦1,500 lọ́sẹ̀ fún ogójì ọ̀sẹ̀, ₦60,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦1,800,000 ni ti gbogbo wa. Kí akápò pín in sí ọ̀nà márùn-ún: owó ọkọ̀, owó ibùsùn, owó oúnjẹ, owó ẹ̀bùn àti owó ìwọlé, àti ìdá kan nínú mẹ́wàá tí a kò ní fọwọ́ kàn àfi bí nǹkan bá bàjẹ́. Bí owó ọkọ̀ bá lọ sókè kí ọjọ́ tó pé, kí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un. Kí a má ṣe yáwó. Kí a se oúnjẹ ọ̀nà láti ilé, kí a sì sùn ní ilé àlejò tí ó mọ́ tónítóní, ìbáà má gbayì. Aṣọ ẹgbẹ́ kò pọn dandan. Ẹni tí ó bá ní aṣọ kan tí ó mọ́, ó tó.

Ohun mẹ́ta tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Alága, a fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí ohun mẹ́ta. Èkínní, kí ẹgbẹ́ ṣí àpótí àjọ ìrìn-àjò láti oṣù tí ń bọ̀. Èkejì, kí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi san owó àgbà kọ̀ọ̀kan láti inú agboolé yín. ₦60,000 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn kò tó owó aṣọ ẹbí kan, ṣùgbọ́n yóò gbé ìyá àgbà kan dé Ifẹ̀ kí ó tó sùn. Ẹ̀kẹta, ó sì ṣe pàtàkì jù: kí a dá májẹ̀mú nínú ilé wa gbogbo pé ẹni tí ó bá wálé fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a kò ní béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, a kò sì ní dá aṣọ lé e lórí. Omi tútù ni a ó fi pàdé rẹ̀, àti oríkì rẹ̀, àti àwọn àgbà tí yóò sọ fún un ẹni tí ó jẹ́.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lọ́nà jíjìn, bí ẹ ti wà ni kí ẹ máa bọ̀. Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí títí ẹ ó fi dé, kí ó sì jẹ́ kí ọ̀nà yín dán mọ́rán.